Páálí Lójú Kọ̀ǹpútà

Àwọn kan wà tí "bẹ́ẹ̀ ni, sà" máa ń há sí lọ́fun bí egungun ẹja. Ọ̀kan nínú wọn ni obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ìyá Ìbòjú ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Kì í ṣe pé ó ń bo ojú o. Ojú rẹ̀ là kedere, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ojú náà lọ. Òun ni olórí yàrá tí wọ́n ti ń bo orúkọ. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìyẹn ná, torí orí rẹ̀ ni gbogbo ìjà yìí dá lé.

Ilé iṣẹ́ tí à ń wí yìí ni gbogbo èèyàn ti ń wá nǹkan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí o bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń tún fìríìjì ṣe, bí o bá fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí èsúkè ọmọ tuntun, àwọn lo máa bi. Àwọn ni aṣíwájú, àwọn yòókù ń tọ̀ wọ́n lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ìgbà kan wà tí wọn kò ju yàrá méjì lọ lókè ilé búrẹ́dì, tí kọ̀ǹpútà wọn ń gbóná ju ààrò ìsàlẹ̀ lọ, tí aládùúgbò pàápàá kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ìyá Ìbòjú wà níbẹ̀ nígbà náà. Òun ló mú ọgbọ́n kan wá. Ó ní bí ẹnìkan bá béèrè nǹkan, kí wọ́n gbé ìdáhùn tiwọn àti ìdáhùn àwọn ìlú-mọ̀ọ́ká ìgbà náà sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Kí wọ́n bo orúkọ àti àmì ilé iṣẹ́ méjèèjì. Ẹ̀rọ ni kó máa pín ẹ̀gbẹ́ fún wọn, kí tiwọn wà lọ́tùn-ún nísinsìnyí, kó bọ́ sí òsì tó bá kan ìbéèrè tó tẹ̀ lé e, kí ẹnikẹ́ni má lè mọ̀. Kí àwọn adájọ́ wò ó, kí wọ́n sọ èyí tó dára jù. Ìgbà tí wọ́n bá dájọ́ tán ni kí wọ́n tó ṣí ìbòjú. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run; ó ní ìbòjú ni yóò sọ ọ́ fún wọn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, inú tiwọn ló ń run. Wọ́n á ṣí ìbòjú, ojú á tì wọ́n, wọ́n á jókòó tún un ṣe. "Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran," ni obìnrin yìí máa ń sọ fún wọn. Díẹ̀díẹ̀ ni tiwọn bẹ̀rẹ̀ sí í borí, títí wọ́n fi di ọba. Ìdí nìyẹn tí inú fi máa ń bí mi tí àwọn èèyàn bá ní oríire ló gbé wọn débẹ̀. Oríire wo? Ìtìjú ni wọ́n jẹ, tí wọ́n sì gbé e mì.

Ní báyìí, wọ́n ti kó lọ sí ilé gogoro tó jẹ́ kìkì gíláàsì. Àga ń yí bírí, kọfí wà lọ́fẹ̀ẹ́, yàrá tí wọ́n ti ń sùn lọ́sàn-án wà fún ẹni tó bá rẹ̀. Lára ògiri ẹnu ọ̀nà ni wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà: KÒ SÍ Ọ̀GÁ NÍBÍ. Ọ̀gá ló ní kí wọ́n kọ ọ́. Wọ́n ní kí kálukú máa pe ara wọn ní "ìwọ," kí ọmọdé máa bá àgbà sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́, kí iṣẹ́ lè yá. Ẹni tó kọ́kọ́ dán an wò fẹ́rẹ̀ẹ́ gé ahọ́n ara rẹ̀ jẹ. "Ìwọ... ẹ... ẹ jọ̀ọ́ sà," ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọ̀gá lára ògiri, ṣùgbọ́n ọ̀gá wà lẹ́nu gbogbo wọn.

Ẹni tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Baba Sálúbàtà, torí sálúbàtà ló ń wọ̀ káàkiri, àlejò ì báà wà. Àṣà kan wà tó mú bọ̀ láti òkè ilé búrẹ́dì. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, wọ́n á pé jọ sínú gbọ̀ngàn ìjẹun, ẹnikẹ́ni lè béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbéèrè tí ọwọ́ pọ̀ jù lọ bá nà sókè fún, òun ló máa kọ́kọ́ dáhùn, ní ìdúró, lójú gbogbo ayé. Àṣà yìí dára, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn.

Ohun tó bà á jẹ́ ni ìbẹ̀rù. Àwọn ọmọ kan dìde lókè gáréèjì mẹkáníìkì, wọ́n dá ibi ìwánǹkan tiwọn sílẹ̀. Wọn kò ju ìkúnwọ́ lọ, ṣùgbọ́n ìdáhùn wọn mọ́ tónítóní. Ará Gáréèjì ni wọ́n ń pè wọ́n nínú ilé gíláàsì yìí, pẹ̀lú yẹ̀yẹ́, bí ẹni pé ilé búrẹ́dì kọ́ ni àwọn fúnra wọn ti wá. Nígbà tí yẹ̀yẹ́ kò ràn, ilé gíláàsì lọ gba ọkùnrin kan wá láti máa ṣe olórí ọ̀rọ̀ ìdíje. Ẹlẹ́rìn-ín ni orúkọ tí wọ́n fún un, torí ì báà lé ọ lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀rín ni yóò fi sọ ọ́.

Ọgbọ́n Ẹlẹ́rìn-ín kò lọ́jú pọ̀. Ó ní ẹni tó bá gba ẹnu ọ̀nà ti gba ilé. Ó lọ bá àwọn tó ń ṣe fóònù, ó rí sí i pé ibi ìwánǹkan tiwọn ló ti wà nínú fóònù kí ẹni tó rà á tó ṣí i. Ó dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ náà lóríṣiríṣi, ó sì ní kí ṣọ́ọ̀bù wọ̀nyí máa wà lókè nínú gbogbo ìdáhùn. "Àwọn èèyàn kì í wo ìsàlẹ̀," ni ó máa ń wí, eyín rẹ̀ á funfun báláú.

Ìyá tó bí Ìyá Ìbòjú kì í wo ìsàlẹ̀ lóòótọ́. Arúgbó náà kì í fi ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ ṣeré. Ohunkóhun tó bá fẹ́ mọ̀, ó di inú fóònù. Bí aládùúgbò bá ní kó tún bi ẹlòmíì, á ní, "Ilé iṣẹ́ ọmọ mi ni. Ṣé ọmọ mi á purọ́ fún mi ni?" Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, inú fóònù náà ló lọ. Ohun tó kọ́kọ́ jáde ni ìpara tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù tuntun ti ilé iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn rẹ̀, ìpara mìíràn. Lẹ́yìn ìyẹn, ìbọ̀sẹ̀. Ọ̀rọ̀ dókítà wà nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ojú arúgbó kò dé. Ìyá ra ìpara, ó ń fi pa ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ ń wú sí i. Ọjọ́ tí kò lè mí dáadáa mọ́ ni ọmọ rẹ̀ gbé e dìgbàdìgbà lọ sí ọsibítù. Dókítà ní ọkàn ló ń ṣe é, kì í ṣe ẹsẹ̀. Ó ní ká ní wọ́n tún pẹ́ díẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti yíwọ́.

Ìyá kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Ọmọ rẹ̀ ló bínú. Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó di ike ìpara náà mú, ó ń wo àmì ilé iṣẹ́ rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ sí ìdérí. Ara rẹ̀ gbóná, ojú tì í, ó sì dà bíi pé kó ju ike náà lu nǹkan.

Nígbà tó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó gbé ìbéèrè ìyá rẹ̀ fún àwọn adájọ́, òun àti gbogbo ìbéèrè àìsàn mìíràn, lábẹ́ ìbòjú. Ará Gáréèjì borí. Wọ́n tún un dá, Ará Gáréèjì tún borí. Ó gbé èsì náà lọ bá Ẹlẹ́rìn-ín.

Ẹlẹ́rìn-ín kà á, ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá wa, ìbòjú yìí gan-an ni ìṣòro wa. Orúkọ wa ni agbára wa. Ẹni tó ń wá nǹkan nílé ń rí orúkọ wa, kí ló dé tí adájọ́ ò ní rí i? Ẹ jẹ́ ká ṣí i."

"Bẹ́ ẹ bá ṣí i, orúkọ ni wọ́n máa dájọ́ fún. Wọn ò ní ka ìdáhùn mọ́."

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ gbé ìpara síbẹ̀. Kí ló wá kàn yín?"

"Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀," ni obìnrin náà wí. "Ẹ̀yin gbé e síbẹ̀. Èmi kọ́ ni màá gbà á sílẹ̀."

Ó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ láì dúró gba èsì. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, ìbòjú ti lọ. Orúkọ wà lókè ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, ti ilé iṣẹ́ wọn ń tàn yòò. Àwọn adájọ́ inú yàrá náà kì í ṣe òṣìṣẹ́ gidi. Àdéhùn kúkúrú kúkúrú ni wọ́n fi gbà wọ́n, ọ́fíìsì Ẹlẹ́rìn-ín ló sì ń tún fọwọ́ sí i. Ta ló máa rí orúkọ ẹni tó ń bọ́ ọ, tí yóò sọ pé ti ọ̀tá ló dára jù? Bí tiwọn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í borí nínú gbogbo ìbéèrè nìyẹn, kódà nínú ti ìpara.

Ìyá Ìbòjú rí i. Ó dìde, ó lọ síbi tí wọ́n ń kó bébà ìtẹ̀wé sí, ó mú páálí òfìfo kan, ó gé e tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi sẹlotépù lẹ ọ̀kan mọ́ òkè kọ̀ǹpútà rẹ̀, orúkọ méjèèjì bá wọlé sábẹ́ páálí. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó jókòó, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Onígíláàsì, ọ̀kan lára àwọn adájọ́, ẹni tí gíláàsì ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò, na ọwọ́ sí i. "Ìyá, ẹ fún mi ní ọ̀kan."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, kò sí kọ̀ǹpútà tí kò ní páálí lórí nínú yàrá náà. Yàrá tó ń dán gbinrin tẹ́lẹ̀ wá dà bí ibi tí wọ́n ti fẹ́ kó ẹrù kúrò. Ìyá Ìbòjú wò ó, ó sì dùn mọ́ ọn nínú.

Ẹlẹ́rìn-ín wọlé wá, ó dúró láàárín yàrá.

"Ìyá wa, kí lèyí?"

"Páálí ni."

"Mo rí i pé páálí ni. Kí ló ń ṣe lójú kọ̀ǹpútà?"

"Iṣẹ́ tí ẹ gbà lọ́wọ́ ìbòjú ló ń ṣe."

Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó sì yára sọ ọ́ di ikọ́. Ẹlẹ́rìn-ín fi ìka gbé páálí Ìyá Ìbòjú sókè, ó yọjú wo abẹ́ rẹ̀. Tiwọn ló wà lápá ọ̀tún. Ó mi orí bí ẹni tó rí àṣírí, ó rọra dá páálí náà padà. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo yẹn ló wò.

"Ẹ gbọ́, Ìyá wa. Mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n bí ìpàdé ọjọ́ Ẹtì bá parí, tí páálí kan ṣì wà nínú yàrá yìí, kí ẹ kó ẹrù yín, kí gbogbo àwọn tó tẹ̀lé yín náà kó tiwọn." Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́.

Ó jáde. Àga tí Ìyá Ìbòjú jókòó lé yìí ló ń ra oògùn ọkàn fún ìyá rẹ̀, gbogbo wọn ló mọ̀. Ìyá Ìbòjú kọjú sí wọn. "Ẹni tó bá fẹ́ yọ tirẹ̀, kó yọ ọ́. Mi ò ní bínú. Gbogbo wa la lẹ́rù lórí."

Onígíláàsì fọwọ́ kan páálí rẹ̀. "Tèmi ò lè kúrò mọ́, Ìyá. Gọ́ọ̀mù ni mo lò."

Lọ́jọ́ Ẹtì, gbọ̀ngàn ìjẹun kún dẹ́múdẹ́mú. Baba Sálúbàtà dúró níwájú, bó ṣe máa ń dúró. Àwọn kan béèrè nípa kọfí, àwọn kan nípa ibi ìgbọ́kọ̀sí. Nígbà tó kan Ìyá Ìbòjú, ó gba máíkì. "Ìbéèrè mi ò gùn. Ṣé ẹ̀rù ń bà wá ni, tá a fi ṣí ìbòjú?"

Ọwọ́ nà sókè káàkiri gbọ̀ngàn, ti kọfí kò tó ìdajì rẹ̀. Baba Sálúbàtà yíjú sí Ẹlẹ́rìn-ín. "Ta ló ṣí ìbòjú?"

"Èmi ni, Baba, kí iṣẹ́ lè yá," ni Ẹlẹ́rìn-ín dáhùn, ó ń bọ̀ níwájú. "Kò sí ẹ̀rù níbẹ̀ rárá. Tiwa ló dára jù, ìbòjú ì báà wà, kó má wà."

"Ẹ jẹ́ ká wò ó níbí," ni Ìyá Ìbòjú wí.

Gbogbo èèyàn rò pé yóò kọ̀. Kò kọ̀ rárá. "Ó yá! Ẹ gbé e síta!" Ó wo apá ibi tí àwọn ọmọ ẹ̀ka rẹ̀ jókòó sí, ó ṣẹ́jú sí wọn.

Wọ́n tan ìdáhùn méjì sára ògiri ńlá, pẹ̀lú ìbòjú, orúkọ ṣọ́ọ̀bù pàápàá ni wọ́n bò. Ìyá Ìbòjú ka ìbéèrè náà, ohùn rẹ̀ sì gbọ̀n díẹ̀: "Ẹsẹ̀ mi ń wú. Mo ti dàgbà. Kí ni kí n ṣe?"

Lápá òsì, ìpara, ìpara, ìbọ̀sẹ̀. Lápá ọ̀tún, ọ̀rọ̀ ṣókí: ó lè jẹ́ ọkàn ló ń ṣe ọ́, bí o kò bá mí dáadáa, má dúró, lọ sí ọsibítù lónìí. Gbogbo gbọ̀ngàn ń kà á. Ẹni tí kò kà á ni Ẹlẹ́rìn-ín. Ó kẹ̀yìn sí ògiri, ó kọjú sí àwọn èèyàn, ó ń rẹ́rìn-ín sí wọn.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mú òsì?" ni Ìyá Ìbòjú béèrè. Kò sọ́wọ́.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mú ọ̀tún?" Igbó ọwọ́! Baba Sálúbàtà náà na tirẹ̀. Ẹ̀ka Ẹlẹ́rìn-ín ní tiwọn kò fi mọ sí ọwọ́ nínà, wọ́n dìde dúró, wọ́n ń pariwo, "Ọ̀tún! Ọ̀tún!" Ẹlẹ́rìn-ín fúnra rẹ̀ na ọwọ́ méjèèjì.

"Ṣé ẹ ti dájọ́ tán?"

"A ti dájọ́ tán!"

Ìyá Ìbòjú ṣí ìbòjú. Ará Gáréèjì ló wà lọ́tùn-ún.

Gbọ̀ngàn dákẹ́ lọ gbáà. Ọwọ́ Ẹlẹ́rìn-ín ṣì wà lókè, ó ń wá ohun tó pa èèyàn lẹ́nu mọ́. Nígbà tó yíjú wo ògiri, ẹ̀rín bọ́ lójú rẹ̀. Baba Sálúbàtà na ìka sí ọ̀kan lára àwọn tó pariwo jù. "Ìwọ, kí ló dé tó o fi mú ọ̀tún?"

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀. "Wọ́n ní... wọ́n ní ọ̀tún ni tiwa, sà."

Ẹ̀rín wó gbọ̀ngàn palẹ̀. Àwọn ará yàrá ìbòjú rẹ́rìn-ín títí Onígíláàsì fi yọ gíláàsì nù. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ nínú yàrá yẹn rí, fún wákàtí kan péré, mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ kì í dúró sójú kan. Ṣùgbọ́n Ẹlẹ́rìn-ín kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí. Yíyọjú ló yọjú.

Baba Sálúbàtà kò rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Ìyá Ìbòjú, ẹ̀yin àti èmi la jọ bẹ̀rẹ̀. Ẹ lè wá bá mi ní kọ̀rọ̀. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi dójú tì wá ní gbangba? Ó yẹ kẹ́ ẹ bẹ ilé yìí."

Àga Ìyá Ìbòjú wà lẹ́nu ọkùnrin yẹn, ó mọ̀, oògùn ìyá rẹ̀ náà sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó la ẹnu, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n mọ́.

"Ìyá mi ló béèrè ìbéèrè yẹn, Baba. Ìyá tó bí mi. Ilé yìí ló dá a lóhùn, ó sì kù díẹ̀ kó pa á. Lókè ilé búrẹ́dì, ojú máa ń tì wá lójoojúmọ́, a sì máa ń lọ tún un ṣe. Ìgbà wo ni ìtìjú di èèwọ̀? Bẹ́ ẹ bá fẹ́ gba àga, ẹ gbà á. Ẹ̀bẹ̀ ni mi ò ní."

Ó fi máíkì lélẹ̀. Baba Sálúbàtà wo sálúbàtà ara rẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, gbólóhùn kan ló sọ. "Ẹ dá ìbòjú padà." Ó sì jáde.

Mi ò ní tàn yín pé gbogbo nǹkan dára láti ọjọ́ náà. Wọn kò lé Ẹlẹ́rìn-ín. Ó tún ti ń rẹ́rìn-ín káàkiri. Ṣọ́ọ̀bù ṣì wà lókè ìdáhùn. Lọ́jọ́ Ajé, Ìyá Ìbòjú fi káàdì rẹ̀ kan ilẹ̀kùn, kò mọ̀ bóyá wọ́n ti lé e, ilẹ̀kùn ṣí. Ìbòjú ti padà sójú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó yọ páálí. Ó gbé ìbéèrè ìyá rẹ̀ síwájú wọn, wọ́n dájọ́, tiwọn fìdí rẹmi. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ó fi ránṣẹ́ sókè.

Nírọ̀lẹ́, ó lọ kí ìyá rẹ̀. Ó gba fóònù arúgbó náà, ó yọ ibi ìwánǹkan tiwọn kúrò níwájú, ó gbé ti Ará Gáréèjì síbẹ̀. Ìyá ń wò ó.

"Kí lò ń ṣe sí fóònù mi?"

"Mò ń fi èyí tó dára sí i, Ìyá. Tiwa ò tíì dára."

"Ta ló ni èyí?"

"Àwọn kan ni."

Arúgbó náà gba fóònù rẹ̀ padà, ó dì í mọ́ àyà. "Mi ò mọ àwọn kan. Ilé iṣẹ́ ọmọ mi ni mò ń lò. Dá a padà síbi tó wà."

"Ìyá, ó kù díẹ̀ kó pa yín!"

"Mo gbọ́. Ṣebí ẹnu iṣẹ́ yẹn lò ń lọ lọ́la?" Ó na fóònù sí ọmọ rẹ̀. "Dá a padà. Kó o sì lọ tún un ṣe."